Àgbà ti wọ ilé ìtọ́jú: iṣẹ́ wo ló kù fún ẹbí?

Akọ́bí Obìnrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tí àgbà bá ti kó lọ sí ilé ìtọ́jú, ẹbí sábà máa ń ya sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á mí kanlẹ̀ pé ẹrù ti sọ̀, wọ́n á wá di ẹni tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn kejì á máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣọ́ olè. Ti àkọ́kọ́ fi àgbà sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ wọ́n dénú. Ti ìkejì ń mú kí òṣìṣẹ́ máa sá fún yàrá wọn.

Kí ni kí ẹbí kó fún ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Kí ni kí ojú máa wò nígbà tá a bá lọ kí wọn? Iṣẹ́ wo ni ọwọ́ wa lè ṣe láìṣe wọ́n léṣe? Tí nǹkan ò bá sì lọ bó ṣe yẹ, báwo la ṣe ń sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "ẹ máa lọ déédéé". Ẹ sọ ohun tó ṣe é dì mú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà kan ṣoṣo, torí nínú gbogbo ohun tí ẹbí ń kó wá, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tó o. Ojú ìwé kan péré, lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó wà lórí ìdúró lè kà á tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ orúkọ tí àgbà fẹ́ ká máa pe àwọn, etí tó gbọ́ràn jù, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi ń sùn, aago tí wọ́n máa ń jí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jẹun, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ohun tó ń tù wọ́n lára.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àmì tí wọ́n máa ń fi hàn kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Àgbà tó ń fa bèbè ìdí aṣọ tàbí tó ń tú bọ́tìnì lè jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ra sílẹ̀ ni, á dá wọn jókòó padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àgbà á dá dìde, á ṣubú lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún jí ní aago 4 ìdájí lọ síbi iṣẹ́ kò ní jáwọ́ nínú rẹ̀ torí pé ó ti dé ilé ìtọ́jú. Tí ẹbí ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, "kì í rí oorun sùn" ni wọ́n máa kọ sínú ìwé, oògùn oorun á tẹ̀lé e, ìṣubú á sì tẹ̀lé oògùn oorun.

Inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni kí ẹ lẹ bébà náà mọ́, kì í ṣe ara ògiri tí gbogbo àlejò á ti máa ka àṣírí wọn. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tún un kọ ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí àgbà ń yí padà.

Nǹkan mẹ́ta ló ń sọnù jù: awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àti eyín àtọwọ́dá. Ẹ kọ orúkọ sí wọn lára, ẹ ya fọ́tò wọn. Lára ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, àmì pupa ni ti etí ọ̀tún, búlúù ni ti òsì. Tó bá jẹ́ bátìrì róbótó tó ní bébà lẹ́yìn ló ń lò, tí ẹ bá ti ṣí bébà yẹn kúrò, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tì í bọlé. Kí ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ìdọ̀tí etí ló dí i. Eyín, inú omi tútù ló ń sùn; omi gbígbóná máa ń mú un wọ́, tí kò fi ní bá ẹnu mu mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tíṣù wé e sórí àwo oúnjẹ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ eyín ti ń bá ìdọ̀tí lọ.

Ó wá ku awọ ara. Láàárín wákàtí díẹ̀ péré ni egbò ìdùbúlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó jiná. Ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ ló ti ń mú: ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí, gìgísẹ̀, ìbàdí, kókósẹ̀, ìgúnpá, ẹ̀yìn orí. Ẹ béèrè pé wákàtí mélòó mélòó ni wọ́n ń yí wọn padà, àti ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wákàtí 2 ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò. Lórí fóòmù tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ó lè tó 4. Ẹni tó wà lórí àga ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Orí ìdí ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà, kò sì yẹ kó ju wákàtí kan lọ kó tó yí ìjókòó padà. Tí wọ́n bá ń fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ ni kó wà, kí gìgísẹ̀ má fara kan ohunkóhun. Ẹ má ra ìrọ̀rí tó ní ihò láàárín bí òrùka wá o. Ìfẹ́ ló ń mú ẹbí rà á, ṣùgbọ́n etí òrùka yẹn ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, egbò ló ń dá sílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àmì àkọ́kọ́ egbò náà ni pé awọ á pọ́n. Ara dúdú ńkọ́? Pípọ́n yẹn kì í hàn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Lára ẹni tó pupa, ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò. Tí kò bá funfun, tó ṣì pọ́n síbẹ̀, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Lára ẹni dúdú, ọwọ́ ni kí ẹ gbára lé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ tún fi kan awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ó gbóná jù ú ni, tàbí ó tutù jù ú? Ṣé ó le, tàbí ó rọ̀ jọ̀pọ̀? Ṣé ó ṣú ju ìyókù lọ, tó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò? Ṣé àgbà yẹra nígbà tí ọwọ́ yín kàn án? Ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí tó láti pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má di ọ̀la.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà o. Kì í ṣe gbogbo òbí ló fẹ́ kí ọmọ òun rí ìhòòhò òun. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ò ní ìtìjú nínú: ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wò ó, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ.

Onífisíò

Lórí ohun tí ọwọ́ ẹbí lè ṣe: ẹ má fi ọwọ́ há àgbà lábíyá gbé wọn dìde láéláé. Gbogbo ìwúwo ara á bọ́ sórí èjìká, èjìká àgbà kò sì lágbára yẹn mọ́. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lápá kan, ẹ má fa apá tó rọ yẹn rárá, ì báà ṣe láti wọ ẹ̀wù. Ó lè yẹ̀ kúrò ní oríkèé, ìrora rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Apá tó rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ti bọ ẹ̀wù. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, òun ni kó gbẹ̀yìn.

Bí ẹ ṣe máa bá wọn dìde lórí àga oníkẹ̀kẹ́ nìyí. Ẹ ti bíréèkì méjèèjì. Ẹ ká ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé sókè, torí òun ló ń gbé èèyàn ṣubú jù. Kí wọ́n sún ìdí wá sí etí àga, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn títí á fi wọ abẹ́ orúnkún. Kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi bá ọmọ ìka ẹsẹ̀ dọ́gba, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ti apá àga fúnra wọn. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ má dúró níwájú. Ẹni tó bá dúró níwájú ti dí ọ̀nà tí ara fẹ́ gbà dìde. Tí wọn ò bá lè gbé ìdí kúrò lórí àga bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbéni àti òṣìṣẹ́ méjì tó mọ̀ ọ́n lò nìyẹn.

Láti orí ibùsùn, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ní bèbè fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tí òòyì bá ń kọ́ wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá dìde, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá wọn lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, kí dókítà tún oògùn wọn wò.

Fún ẹni tó ń lo rọ́bà ìtọ̀: tí ẹbí bá fẹ́ tì wọ́n jáde lọ gba afẹ́fẹ́, wọ́n á gbé àpò ìtọ̀ lé orí itan wọn kó má baà wọ́ nílẹ̀. Ìtọ̀ inú rẹ̀ á wá ṣàn padà pẹ̀lú kòkòrò sínú àpòòtọ̀ tó wà nínú ara. Ìsàlẹ̀ àpòòtọ̀ ni kí àpò máa wà nígbà gbogbo, kó má sì kanlẹ̀.

Ohun kan tún kù. Òṣìṣẹ́ tí èèyàn mẹ́jọ ń dúró dè kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àgbà máa fi de bọ́tìnì márùn-ún. Ẹ̀yin ní in. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dè é fúnra wọn. Bí wọ́n bá ń bá wọn dè é lójoojúmọ́, láìpẹ́ ìka ò ní rántí mọ́.

Olùtọ́jú Ọ̀fun

Oúnjẹ àti omi ni ẹbí fi ń fìfẹ́ hàn jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣèèṣì jù. Tí wọ́n bá ti sọ pé ọ̀nà ọ̀fun àgbà ti dẹ̀, tí nǹkan ò rọrùn fún wọn láti gbé mì mọ́, ẹ béèrè ìpele kíki ohun mímu àti rírọ̀ oúnjẹ tó wà nínú ìwé wọn. Ìlànà IDDSI tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ní ìpele 0 dé 7: láti 0 dé 4 ni ti ohun mímu, láti 3 dé 7 ni ti oúnjẹ.

Ẹ lè fi síríǹjì 10 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ dán omi kíki wò, ìyẹn omi tí wọ́n fi ìyẹ̀fùn mú ki kó má baà gba ọ̀nà èémí. Ẹ fa ọ̀pá inú rẹ̀ yọ, ẹ fi ìka dí ìdí rẹ̀, ẹ rọ omi náà kún un dé 10, ẹ ṣí i kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ tún dí i. Tó bá ṣẹ́ ku láàárín 1 àti 4 ml, ìpele 1 ni. Láàárín 4 àti 8, ìpele 2. Tó bá ju 8 lọ tó ṣì ń kán, ìpele 3. Ìdí síríǹjì ò rí bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà èyí tí ilé ìtọ́jú ń lò ni kí ẹ lò.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: tí ẹ bá po ìyẹ̀fùn náà tán, tí ẹ wá fún wọn mu lójú ẹsẹ̀ kó tó ki. Ẹ dúró fún iye àkókò tó wà lára agolo. Òmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tó bá jẹ́ ìyẹ̀fùn oní-sítáàṣì, itọ́ ẹnu máa ń tú u. Ṣíbí tó ti wọ ẹnu, tí ẹ wá tì bọ inú ife padà, máa sọ ife náà di omi ṣàn kí wọ́n tó mu ún dé ìdajì. Ẹ bu ìwọ̀nba sínú ife kékeré.

Fífún wọn jẹun: kí wọ́n jókòó gbọnrangandan, kí ẹ̀yin náà jókòó. Tí ẹ bá wà lórí ìdúró, wọ́n á gbójú sókè wò yín, ọ̀nà èémí á sì ṣí sílẹ̀ fún oúnjẹ. Ṣíbí tíì ni kí ẹ lò. Ẹ wo gògóńgò: kó gòkè, kó sọ̀ padà, kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tí ohùn bá ń hó bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá oúnjẹ sápamọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n wà lórí ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ máa béèrè ìwọ̀n ara wọn lóṣooṣù. Ẹni tó wọn 60 kg, tó fi 3 kg fò lóṣù kan láìgbìyànjú, ti pàdánù ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ọjọ́ ogbó ni". Kí wọ́n wá ìdí: eyín tó ń dunni, oògùn tó ń pa ebi, ìbànújẹ́, ọ̀fun.

Akọ́bí Obìnrin

Tí àgbà bá wá kọ omi kíki yẹn jálẹ̀ ńkọ́?

Olùtọ́jú Ọ̀fun

Tí wọ́n bá lóye ewu tó wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni láti kọ̀ ọ́. Kí dókítà àti ẹbí jókòó bá wọn sọ ọ́, kí wọ́n kọ ìpinnu náà sílẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ ọ̀fun wọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìpele tí wọ́n fún wọn lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn lè má jẹ́ tòní mọ́. Gbígbé omi lásán wọlé ní bòńkẹ́lẹ́ ni kò dáa. Tí òtútù àyà bá dé, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó ti wá.

Apòògùn

Bòńkẹ́lẹ́ tí ẹ sọ yẹn, èmi náà fẹ́ fọwọ́ bà á. Ẹbí máa ń yọ oògùn ìrora tàbí oògùn òtútù sínú àpamọ́wọ́ wá. Paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù, ó sì lè ti wà nínú èyí tí nọ́ọ̀sì ń fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Gíráàmù 4 ni òpin fún àgbàlagbà ní wákàtí 24. Fún ẹni tó ti rù, ó máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fi han nọ́ọ̀sì, pàápàá tí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo oògùn wọn, ẹ béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ ní kí dókítà wò ó. Oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé dákẹ́ jẹ́ẹ́ nílò ojú tó mú jù: irú èyí tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀ àti ikú fún wọn. Ó ní ìgbà tó tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò.

Ẹ má lọ oògùn kankan kúnná láìbéèrè. Èyí tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀ fún odidi ọjọ́, tí ẹ bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á tú sínú ara lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀kan tó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀ sórí: àrùn ìgbàgbé kì í bẹ́ lọ́sàn-án kan. Tí àgbà tó dá yín mọ̀ lọ́jọ́ Sunday kò bá mọ ibi tó wà mọ́ lọ́jọ́ Tuesday, tàbí tó kàn ń tòògbé ṣáá, nǹkan kan ló ń ṣe wọ́n: àrùn nínú ara, ìtọ̀ tó há, ìgbẹ́ tí kò jáde fún ọjọ́ mélòó kan, ìrora, oògùn tuntun, àìmumi tó. Èyí tó ń pariwo ni wọ́n ń tètè rí. Èyí tó ń tòògbé ni ẹbí gbọ́dọ̀ fi ẹnu gbé jáde, torí òṣìṣẹ́ tuntun á rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ ò ju èyí lọ: "Kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyí, àná ni ó bẹ̀rẹ̀." Kí wọ́n pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rẹ́ Àgbà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀wò fún ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn kì í lélẹ̀ mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí náà àárọ̀ ló sábà máa ń dáa jù. Ẹ gba iwájú wọn wá, ẹ jókòó kí ojú yín bá tiwọn dọ́gba, kí ẹ sọ orúkọ yín: "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi ni, àbíkẹ́yìn yín." Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ìdánwò nìyẹn, ojú á sì tì wọ́n tí wọn ò bá yege. Tí wọ́n bá ń béèrè ẹni tó ti kú, ẹ má máa sọ ikú náà fún wọn ní gbogbo ìgbà bí ìròyìn tuntun. Ẹ ní kí wọ́n sọ nípa ẹni náà fún yín.

Ìgbà tí ẹ máa kúrò ló le jù. Ẹ fi sí ìgbà tí oúnjẹ tàbí nǹkan míì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ yín. Ẹ ti kó báàgì síta ṣáájú. Kí ó dàbọ̀ má gùn.

Alábòójútó Ilé

Ó ku bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá wọ́. Ẹ yan agbẹnusọ kan ṣoṣo nínú ẹbí. Tí ọmọ mẹ́rin bá ń fi àṣẹ mẹ́rin ránṣẹ́, òṣìṣẹ́ á tẹ̀lé ti ẹni tó pariwo jù, kì í ṣe ti ẹni tó mọ̀ jù. Ẹ sì rántí pé jíjẹ́ àkọ́bí kò sọ èèyàn di ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ òfin ní ibi púpọ̀. Nígbà tí àgbà ṣì lè pinnu ni kí ẹ ti ṣe ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa pinnu fún wọn.

Ẹ béèrè ìpàdé lórí ìwé ètò ìtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má wá pẹ̀lú "ẹ ò ń tọ́jú wọn". Ẹ wá pẹ̀lú ọjọ́, aago, ohun tí ojú rí: "Lọ́jọ́ 3, ní aago 2 ọ̀sán, ife omi wọn kún, ó wà lórí tábìlì tí ọwọ́ wọn ò tó." Èyí ṣe é tún ṣe. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa yí padà, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tí ẹ máa jọ wò ó. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá; tí kò bá yanjú, èmi alábòójútó; tí kò bá tún yanjú, ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń bẹ ilé ìtọ́jú wò. Ìlùkulù, ìfìyàjẹni tàbí olè ní tiẹ̀, ẹ má tẹ̀lé ìlànà lẹ́sẹẹsẹ yìí. Ẹ fi tó àjọ náà àti ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà.

Ẹ má gbàgbé láti sọ èyí tó dáa náà, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Òṣìṣẹ́ tí ẹbí mọ orúkọ rẹ̀ máa ń tètè pè yín kí nǹkan tó bàjẹ́.

Àbíkẹ́yìn

Àwa tá a wà lọ́nà jíjìn ńkọ́? Ṣé owó nìkan ni?

Alábòójútó Ilé

Rárá o. Ẹ gba iṣẹ́ tí kò nílò ẹsẹ̀: ẹ di akọ̀wé. Ẹ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ oògùn, ìwọ̀n ara lóṣooṣù, ọjọ́ tí wọ́n rí dókítà eyín àti ti ojú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpè fídíò mú yín wọ inú ìpàdé. Fún àgbà fúnra wọn, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti wà létí kí ìpè tó wọlé. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé "wọn ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀", àgbà ò gbọ́ wọn ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Méjì péré ló kù lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tí ẹ ń bì, ẹ má wá títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, bó ti wù kí ara yín ti yá tó. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọwọ́. Ọtí ìfọwọ́ kì í pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Èkejì ni ti ọjọ́ ìkẹyìn, torí ẹbí máa ń dúró síbẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe. Tí àgbà bá ti kọ oúnjẹ nítorí pé ara ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ má fi ipá tì í sí wọn lẹ́nu. Ẹnu ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n ń fún ọmọdé, ẹ tì í bọ omi, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù títí kò fi ní kán mọ́, ẹ wá fi nu ètè, ẹ̀rìgì àti orí ahọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ fi ìpara tín-ín-rín pa ètè. Ẹ ṣe é ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tàbí nígbàkígbà tí ẹnu bá gbẹ, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wọn kí ẹ tó ṣe é: "Mo fẹ́ nu ètè yín mà."